Àdàlú Ò Gbọdọ̀ Dúró Kí Ẹnikẹ́ni

Ẹ wá wo ọkọ̀! Ara rẹ̀ jẹ́ ti Píjò àtijọ́, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ jẹ́ ti Tòyótà kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó yanrìn, ìjókòó iwájú wá láti inú Mèsí tó forí sọ ògiri. Ilẹ̀kùn kan funfun, àwọn mẹ́ta tó kù ní àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè pè lórúkọ mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ òkun Port-Bouët ti jẹ ẹ́ tán. Fèrè rẹ̀ ńkọ́? Ti tírélà ni. Ọjọ́ tí Alhaji Nùrúdíìnì kọ́kọ́ wà á wọ àgbàlá, ìyàwó rẹ̀ Ràdíyàtù yí i po, ó fọwọ́ lérán, ó ní, "Bàbá Samira, ṣé ẹ̀wà lèyí àbí àgbàdo?" Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń jẹ́ Àdàlú.

Alhaji ò bínú. Kí ló fẹ́ máa bínú sí? Òun alára, àdàlú ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀, Treichville, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n bí òun sí. Faransé ló fi ń ka oṣù àti ọdún, Jùlá ló fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, Yorùbá pọ́nbélé ni, ẹni tí kò gbọ́ á kàn ṣáà mọ̀ pé wọ́n ń bú òun ni. Ìṣó, àgádágodo àti ìdè ilẹ̀kùn ló ń tà nínú ọjà Treichville. Àdàlú ló ń gbé e lọ láràárọ̀, òun náà ló sì ń gbé e bọ̀ wálé.

Ṣùgbọ́n ìṣó kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Port-Bouët. Ìkíni ni. Háà, Alhaji mọ èèyàn kí! Á kí ọ, á kí ìyàwó rẹ, á bèèrè orúnkún ìyá rẹ tó ń dùn ún, á bèèrè ọmọ tó ṣe ìdánwò lọ́dún tó kọjá. Bí o bá rò pé ó ti parí, á ní, "Àwọn ará ilé ńkọ́?" ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú kì í gba iwájú ilé Alhaji kọjá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí kò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan pàápàá ti mọ ìdáhùn lórí: "A dúpẹ́ o!"

Lẹ́yìn ìkíni, Àdàlú ni. Òun ni í gbé aboyún lọ sí ọsibítù, òun ni í gbé àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà dé pápákọ̀ òfurufú, òun ni í kó sìmẹ́ńtì fún ẹni tó bá ń kọ́lé ní Songon. "Ẹ lọ pe Alhaji onímọ́tò wá," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn a máa dùn mọ́ bàbá náà nínú ju oúnjẹ lọ.

Wàhálà dé nígbà tí ilé àyẹ̀wò ọkọ̀ tó máa ń lọ gbé ẹ̀rọ tuntun dé, èyí tó ń wọn èéfín. Tẹ́lẹ̀, bí iná iwájú bá tàn, tí bíréèkì sì mú, ó ti parí, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó dọdún tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin ayẹkọ̀wò kan tó ń jẹ́ Georgette ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ihò èéfín Àdàlú, ó ní kí Alhaji fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá. Alhaji tẹ̀ ẹ́. Yéè! Àdàlú hú ikọ́ kan, èéfín dúdú kirikiri tú jáde, ó bo Georgette, ó bo ẹ̀rọ, ó bo ọkùnrin kan tó wà lórí ìlà lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìsìnkú.

Nígbà tí èéfín ká kúrò, Georgette nu ojú rẹ̀, ó ní, "Tonton, ṣé gásòílì lẹ rọ sínú ọkọ̀ yìí ni àbí èédú?"

Ọkọ̀ ò yege. Alhaji gbé e lọ bá Mamadou mẹkáníìkì rẹ̀. Ọmọ Jùlá ni Mamadou, ṣùgbọ́n àgbàlá àwọn Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ló ti dàgbà, ó ń sọ Yorùbá jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹja elégùn-ún. Mamadou tú ọkọ̀, ó fọ èyí tó yẹ ní fífọ̀, ó pààrọ̀ èyí tó yẹ ní pípààrọ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run: ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbé e padà lọ. Èéfín tún bo Georgette. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn ń wúkọ́, ó ń juwọ́ pé kó máa gbé e lọ, kó máa gbé e lọ.

Ní ọjọ́ Sunday, Samira ọmọ rẹ̀ wá kí wọn láti Cocody, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ní gíláàsì yíká. Ọmọ dáadáa ni, ó kàn jẹ́ pé Yorùbá ń wọ etí rẹ̀ ju bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ.

"Papa, c'est bon, ó tó gẹ́ẹ́," ló wí. "Ẹ tà á fún àwọn onírin. Moi, mo máa bá yín pe taxi tous les matins, láràárọ̀, lórí téléphone, á wá gbé yín lẹ́nu ọ̀nà."

"Ọmọ yìí sọ òótọ́," ni Ràdíyàtù fi lé e. "Ara tiyín náà ò gba kí ẹ máa ti mọ́tò mọ́."

Àwọn méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ṣèlérí. Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí Àdàlú ò bá yege lẹ́ẹ̀kan yẹn, kí àwọn onírin wá gé e. Ó fi ẹnu sọ ọ́ bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù bà á gan-an ni. Kì í ṣe ìyà à ń wọ bọ́ọ̀sì ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ lórí ibùsùn ni pé: bí kò bá sí mọ́tò, ta ló tún máa wí pé kí wọ́n lọ pe Alhaji wá? Bàbá arúgbó tó ń ta ìṣó, ta ló ń wá irú wọn? Wọ́n á máa gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá.

Nígbà tó di ọjọ́ Monday, Mamadou ní òun á bá a wọ ọkọ̀ láti ilé dé ọjà, kí òun fi ojú ara òun rí bí Àdàlú ṣe ń rìn. Wọ́n ṣáná, wọ́n jáde. Wọn ò tíì rìn ju bí ẹní sọ òkò lọ, Alhaji tẹ bíréèkì. Oníbúrẹ́dì ló rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé àlàáfíà ni? Ìyá ńkọ́? Orúnkún ńkọ́?"

"A dúpẹ́ o!"

"Ọmọ tó lọ Bouaké, ṣé ó ti fóònù?"

Ó ti fóònù. Wọ́n tún rìn díẹ̀. Télọ̀ ló kàn, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, ẹ wo irú ìkíni tí ìyẹn máa gbà! Ẹ kú ewu, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn, ti ọ̀kan, ti èkejì. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Alhaji ò pa ọkọ̀, torí bátìrì Àdàlú ò lágbára, bí wọ́n bá pa á, wọ́n á tì í kó tó tún ṣáná. Ó ń ṣe tùkù, tùkù, tùkù lójú kan. Nígbà tí wọ́n dé iwájú mọ́ṣáláṣí, Alhaji Abdulfatah, olórí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Port-Bouët, jókòó sórí àga. Tìyẹn kọjá kí a yọ orí lójú fèrèsé. Nùrúdíìnì sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó wà nílé, wọ́n kan àwọn tó wà lókè òkun. Àdàlú ń ṣe tùkù, tùkù, tùkù.

Kí wọ́n tó dé Treichville, Mamadou ti fi orí lé dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Vieux père," ó ní, "mo ti rí àìsàn mọ́tò yín."

"Alhamdulillah! Ibo ló wà?"

"Ẹnu yín ni."

Alhaji rò pé ọmọ yìí ń rí òun fín. Mamadou ní kó fara balẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì yìí, yanrìn ló ń kó rí. Iṣẹ́ ló mọ̀. Ẹ̀yin sọ ọ́ di àga tí ẹ ń jókòó lé kí èèyàn. Kò ráyè gbóná rí. Èéfín tó yẹ kó bá afẹ́fẹ́ lọ ń sùn sínú rẹ̀, ó ń di èédú. Ìgbà tí Georgette bá wá ní kí ẹ tẹ iná, gbogbo èédú ìkíni yín ló ń tú lé e lórí."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ gbé e bọ́ sójú ọ̀nà Bassam láàárọ̀. Ẹ fún un ní iná lọ, ẹ fún un ní iná bọ̀, èédú yẹn á jó dànù. Ẹ kọrí sílé àyẹ̀wò tààrà kó tó tutù. Èmi á ti dúró fún yín lórí ìlà. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé. Ẹ ò gbọdọ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni."

Alhaji wò ó títí. "Ṣé kí n gba àárín Port-Bouët kọjá, kí n má kí èèyàn? Bí ẹran?"

"Bí ẹran."

"Kí n kàn juwọ́ sí wọn ńkọ́?"

"Títẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ yẹn, ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi di ìdarí ọkọ̀ mú. Ó máa ń gbọ̀n."

Alhaji ò sọ fún Ràdíyàtù. Ó ti rò ó pé bí ojú bá máa ti òun, kó kọ́kọ́ ti òun nìkan. Àárọ̀ Alàmísì, ó ní òun ń lọ rí ẹnì kan ní Bassam, ó yọ́ fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì lọ.

Ẹ̀yin èèyàn, Àdàlú sáré! Ojú ọ̀nà Bassam là gbàràgàdà, òkun wà lápá kan, àgbọn wà lápá kejì, Alhaji sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí kò ṣe tẹ̀ ẹ́ rí. Èéfín dúdú kọ́kọ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀ bíi pé wọ́n ń dáná igbó. Nígbà tó yá, ó di eérú. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó wo ẹ̀yìn nínú dígí, kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ojú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń kùn fún ọdún gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó wọ Port-Bouët, oníbúrẹ́dì gbé ọwọ́ sókè. Alhaji kọjá. Ó di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí. Télọ̀ sáré jáde láti ṣọ́ọ̀bù, ó ń pè é, "Alhaji! Alhaji!" Alhaji kọjá. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń sáré àdúà. Ìgbà náà ló rí iwájú mọ́ṣáláṣí. Alhaji Abdulfatah ò jókòó lónìí. Bàbá náà dìde dúró pẹ̀lú ọ̀pá, ó ti wá sí etí títì, ó ti gbé ọwọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ ti là láti dáhùn ìkíni tí wọn ò tíì kí i.

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Nùrúdíìnì gbé ojú kúrò, ó kọjá lọ fìì.

Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ nílé, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Bí ilẹ̀ bá là nígbà yẹn, á wọlé, á sì mú Àdàlú dání.

Mamadou ti ń dúró lórí ìlà láti ìdájí, ó sì ti kan án. Bí Georgette ṣe rí ilẹ̀kùn funfun yẹn lókèèrè, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bo imú. Ó ti ọ̀pá bọ ihò èéfín, ó sún sẹ́yìn dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè gùn dé. "Ẹ tẹ̀ ẹ́." Alhaji tẹ̀ ẹ́. Ohùn nìkan ló jáde. Georgette wo ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí, ó ní bóyá ó ti bàjẹ́. Ó ní kó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló wá sún mọ́ fèrèsé.

"Tonton, mọ́tò ta lẹ gbé wá yìí?"

"Tèmi ni, ọmọ mi."

"Ó yege."

Mamadou fò sókè, ó dì mọ́ Alhaji, ó dì mọ́ Georgette tí kò ní kó dì mọ́ òun.

Alhaji ń bọ̀ wálé jẹ́jẹ́, ó ti pinnu pé òun á dúró lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun á sì tọrọ àforíjì. Ó dé iwájú mọ́ṣáláṣí, àga wà níbẹ̀, kò sí èèyàn lórí rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Oníbúrẹ́dì ti kó igbá, tábìlì nìkan ló kù. Ó tẹ iná díẹ̀ sí i. Ó yà sí àdúgbò rẹ̀, ó rí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó rí ẹní, ó rí ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn obìnrin káwọ́ lérí, Ràdíyàtù sì jókòó sáàárín wọn, ó ń sunkún.

Alhaji bẹ́ sílẹ̀ láìpa ọkọ̀. "Ta ló kú? Ràdíyàtù, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Gbogbo ilé yíjú sí i. Wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Alhaji Abdulfatah ló sọ̀rọ̀. "Ohun tí àwa náà fẹ́ bi ọ́ nìyẹn, Nùrú!"

Ṣé ẹ rí i, bí ọkọ̀ ṣe kọjá lára bàbá náà, ó dúró sójú kan, ó rò ó. Ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ Nùrúdíìnì lórúkọ. Kò kọjá lára òun rí láìkí òun, yálà ní ìgbà òjò tàbí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sì rí òógùn lójú rẹ̀, ó rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ló wí. "Àjálù ti bá ọmọ yìí." Ni wọ́n bá pè é lórí fóònù. Abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù ti ń dún, Ràdíyàtù gbọ́ ọ, ó figbe ta. Ariwo dé Treichville, àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ìsọ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Télọ̀ fi ẹsẹ̀ sáré wá, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Oníbúrẹ́dì gbé gbogbo igbá rẹ̀ wá, ó ní ilé ọ̀fọ̀ kì í wà láìsí oúnjẹ.

Wọn ò tíì parí àlàyé tí Samira fi já wọlé láti Cocody, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó rí bàbá rẹ̀ lórí ìdúró, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Faransé sá lọ pátápátá, Yorùbá tó ti ń sá fún láti kékeré ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wàràwàrà: "Bàbá mi! Bàbá mi! Kí ló ṣe yín? Ta ló fọwọ́ kàn yín?"

Alhaji na ìwé àyẹ̀wò sókè. "Mọ́tò ni mo gbé lọ," ló wí. "Mamadou ní bí mo bá dúró kí èèyàn, kò ní yege."

Alhaji Abdulfatah fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Nítorí èéfín lo ṣe kọjá lára mi?"

Nùrúdíìnì ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ forí jì mí, bàbá mi."

"Bí o bá tún kọjá lára mi láìkí mi, rí i dájú pé o ti kú lóòótọ́, kí ẹkún mi má baà ṣòfò!"

Ẹ̀rín bú. Ràdíyàtù ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fi igun aṣọ gbá ọkọ rẹ̀ léjìká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín búrẹ́dì ọ̀fọ̀, wọ́n ń fi í ṣàjọyọ̀. Alhaji dìde jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíì fi ẹsẹ̀ rìn wá, ẹlòmíì wọ bọ́ọ̀sì, ọmọ tirẹ̀ bọ́ bàtà sáré. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí Àdàlú gbé wá, kò sì sí ẹni tó tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń kùn lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni wọ́n wá wò. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Alhaji Abdulfatah dìde, ó ní òun ń lọ ilé. Samira ti yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó gbé e fún bàbá rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Papa, ó ti yege báyìí. Ẹ fi gbé bàbá délé."

Alhaji ti kọ́kọ́rọ́ náà padà sí i lọ́wọ́, ó di apá bàbá àgbàlagbà náà mú.

"Rárá," ló wí. "Bí mo bá fi mọ́tò gbé wọn, a ó tètè dé."